KÍKA OJÚ-Ọ̀NÀ BÍ ÀROKÒ: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌRÌN-ẸSẸ̀ LÁTI BÁRÉKÈ ÌKẸJÀ DÉ KÁNÁÀLÌ ÒKÈ-AFÀ

Àṣamọ̀

Ní ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2002, ohun ìjà tó wà ní ìpamọ́ nínú bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, ìpínlẹ̀ Èkó, gbiná, ó sì bú gbàù. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan (1,000), ṣùgbọ́n inú omi ni púpọ̀ nínú wọn kú sí, ní kánáàlì Òkè-Afà tó jìnnà sí bárékè náà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí a ń gbà rántí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí: orúkọ tí a sọ ọ́, ọwọ̀n ìrántí tí a gbé kalẹ̀ fún un, àti ìdákẹ́jẹ́ tó yí i ká. Ọgbọ́n ìwádìí tí a lò ni pé a fi ẹsẹ̀ rin ojú-ọ̀nà náà láìsí afinimọ̀nà, a sì ka ohun tí a rí bí ẹni ń ka àrokò. Àbájáde iṣẹ́ yìí fi hàn pé orúkọ ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ̀n ìrántí ń tọ́ka sí ibi tó parí sí, ṣùgbọ́n ojú-ọ̀nà tó wà láàrin méjèèjì ló ń sọ ìdí tí àwọn ènìyàn náà fi kú. A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá sọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ di ara ẹ̀kọ́.

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ni àgbà ń wò, ìyẹn ohun tó gbé e ṣubú. Òwe yìí ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ìlú ńlá bí Èkó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì ń wo iwájú lọ bí ọmọdé.

Nínú kíláàsì kan tí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àrokò ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé agbègbè Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò dárúkọ ohun kan tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ tó lè dúró bí àrokò. Ọ̀kan nínú wọn dárúkọ ọwọ̀n ìrántí tó wà létí kánáàlì Òkè-Afà. A bi í pé kí ni ọwọ̀n náà ń sọ. Ó dáhùn pé ibi tí wọ́n máa ń gbé òdòdó sí lọ́dọọdún ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀, a kò tí ì bí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwa tí a ti dàgbà nígbà náà pàápàá, a rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni a lè sọ. A mọ̀ pé bọ́ǹbù bú, a mọ̀ pé ènìyàn kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé, "Bí bọ́ǹbù bá bú ní Ìkẹjà, kí ló dé tó fi jẹ́ pé Òkè-Afà ni wọ́n kú sí?", a kò ní ìdáhùn tó tẹ́ wa lọ́rùn. Ìbéèrè yẹn ló mú wa rin ìrìn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

2.0 Àrokò Gẹ́gẹ́ Bí Ọgbọ́n Ìṣelámèyítọ́

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àrokò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láyé àtijọ́. Ohun tí a fẹ́ fà yọ níhìn-ín ni pé ohun tí a fi pàrokò kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ ìfà, owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ̀rọ̀ jíjọ, nítorí pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á jọ gbọ́ èdè kan náà, wọ́n sì mọ ohun tó wà láàrin wọn. Ẹni tí kò bá ní ìmọ̀ yìí, owó ẹyọ lásán ni yóò rí.

Ohun kejì ni pé àrokò ní ojú-ọ̀nà. Ẹnì kan ló ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹni tó gbà á sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti wá kó tó lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi ojú yìí wo ọwọ̀n ìrántí, a ó rí i pé àrokò tí a gbé kalẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀ ni. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti béèrè ta ló pa á, kí ló fi pa á, àti pé ǹjẹ́ ẹni tí a pa á fún ní ohun tí yóò fi kà á?

3.0 Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ àti Orúkọ Tí A Sọ Ọ́

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná tó ràn ní ẹ̀gbẹ́ bárékè Ìkẹjà dé ibi tí àwọn ológun kó ohun ìjà pamọ́ sí. Ìbúgbàù àkọ́kọ́ mi ilẹ̀ tìtì, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Wọn kò dáwọ́ dúró ní òru náà, wọ́n ń bú títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn ọta ńlá fò jáde, wọ́n ṣubú sí àárín ilé àti ọjà, wọ́n sì pa àwọn ọmọ ogun, àwọn ará ilé wọn àti àwọn aládùúgbò.

Àwọn tó wà ní àdúgbò tó yí bárékè ká àti àwọn tó jìnnà díẹ̀ sí i tú jáde, wọ́n ń sá láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé àwọn ológun tún fẹ́ gbàjọba ni, àfi ìgbà tí àwọn aláṣẹ jáde láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ni ìbẹ̀rù yẹn. Ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí, ọdún 1999 ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn ará Èkó sì rántí ọdún 1993, nígbà tí àwọn ológun yìnbọn pa àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn lórí ìdìbò tí a fagi lé. Ẹni tó ti rí èyí rí, tó gbọ́ ìró ohun ìjà lálẹ́, kò ní dúró béèrè.

Àwọn tó sá gba ìhà Ìsọlọ̀ dé etí kánáàlì Òkè-Afà nínú òkùnkùn. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀, tó fara jọ ibi ìsádi. Ewéko ti bo ojú omi náà, ó dà bí ilẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rì. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún mẹ́fà (600) òkú ni wọ́n kó jáde nínú kánáàlì náà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí: "bọ́ǹbù Ìkẹjà". Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń ṣi ni lọ́nà. Kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, omi ni. Kì í sì í ṣe Ìkẹjà ni wọ́n kú sí, Òkè-Afà ni. Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ni, pé ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ ọ̀ràn yìí lórúkọ wo ilé tí iná ti jáde, kò wo ilé tí òkú wọ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ "bọ́ǹbù Ìkẹjà" kò ní ìdí kankan láti so ó pọ̀ mọ́ omi tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé wọn.

A tún gbọ́dọ̀ wo ọ̀rọ̀ náà "jàǹbá". Ọ̀gá àwọn ológun tó ń ṣàkóso bárékè náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú, ó sì ṣàlàyé pé ètò ti ń lọ láti tún ibi ìpamọ́ náà ṣe kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí a mọ̀ pé ó fẹ́ àtúnṣe, tó wà láàrin ilé àti ọjà, tó wá bú kí a tó tún un ṣe, jàǹbá nìkan kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu: àfọwọ́fà. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò wo ojú ọ̀run. Ẹni tó bá lo èkejì yóò wo ọwọ́ ènìyàn.

4.0 Ìrìn Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Ìkàwé

A bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà bárékè Ìkẹjà. A kò ní àwòrán ojú-ọ̀nà kankan tí ẹnikẹ́ni yà fún un, a kò sì ní afinimọ̀nà. Ojú-ọ̀nà tí a yàn ni ti Òṣòdì, Ìyànà Ìsọlọ̀, Ìsọlọ̀ títí dé Òkè-Afà. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó kú ló gba ibẹ̀, tàbí pé Ìkẹjà ni gbogbo wọn ti sá wá. Ohun tí a fẹ́ ni láti so ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà pọ̀ mọ́ òpin rẹ̀. Ó gbà wá ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ fi hàn wá ni bí ilé àti ìsọ̀ ṣe súnmọ́ ọgbà náà tó. Ìwé lè kọ ọ́ pé àárín ìlú ni bárékè náà wà, kí òǹkàwé sì kà á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibi ògiri dé ibi tí ìyá kan ti ń dín àkàrà, kò ní lè kà á kọjá mọ́.

Ohun kejì ni pé ojú-ọ̀nà náà ti pa aṣọ dà. Òṣòdì tí a rìn kọjá kì í ṣe ti ọdún 2002. Ní ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó ọjà tó kún ojú títì kúrò, ibùdókọ̀ alájà tí a sì ń rí níbẹ̀ lónìí, ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. A kò bẹnu àtẹ́ lu èyí. Ṣùgbọ́n láti Ìkẹjà títí a fi dé Ìsọlọ̀, a kò rí àmì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tí a gbà tó sọ pé àwọn ènìyàn sá gba ibẹ̀ kọjá lóru ọjọ́ kan. Àrokò tí a pa sí òpin ọ̀nà ni a rí. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ti gbàgbé.

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí a ṣe ń kúrò ní Òṣòdì ni a ń bi ara wa pé, ibo ni ẹni tó ń sá ìbá ti dúró? Ní Òṣòdì ni? Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó ti bọ́. Ní Ìyànà Ìsọlọ̀ ni? Ìró ṣì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìsọlọ̀ ńkọ́? Èrò tó wà lẹ́yìn ń bọ̀. Iná bárékè kò lè jó dé Òkè-Afà. Ẹni tó bá ti sá dé ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró ní oríta láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ibi tí ọ̀nà ti tán ni wọ́n dúró sí. A kò rí èyí kà nínú iye òkú, a kò sì rí i kà lára òkúta. Ẹsẹ̀ wa ló kà á fún wa, nítorí pé ní gbogbo oríta tí a dé ni ó ti ṣeé ṣe kí ohùn kan dá wọn dúró.

Nígbà tí a dé etí omi náà, ewéko wà lójú rẹ̀. Nínú ọfọ̀ àti àdúrà Yorùbá, ojúoró àti òṣíbàtà ni àpẹẹrẹ ohun tó ń lékè, tí omi kò lè bò mọ́lẹ̀. Ewéko àjèjì tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tí a kọ́kọ́ rí ní ìhà Bàdágìrì ní ọdún 1984, jọ wọ́n. Òun náà ń lékè omi. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, ohun tó lékè ló bo ikú mọ́lẹ̀. Àmì tí èdè wa fi ń ṣàdúrà ìṣẹ́gun ni ojú ẹni tó ń sá rí, tó sì pè ní ilẹ̀. Akéwì tó bá fẹ́ kọ arò fún Òkè-Afà ní láti dojú kọ àmì yìí, kó má sì kàn yá a lò bí a ti ń lò ó tẹ́lẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọgbọ́n ìwádìí yìí kù sí. Ojúmọmọ ni a rìn, a wọ bàtà, a ra omi mu lọ́nà, kò sì sí ọmọ lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá rìn ín kò gbọdọ̀ sọ pé òun mọ ohun tí ojú wọn rí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D.O. Fágúnwà kọ (1938), Àkàrà-ògùn lọ, ó bọ̀, ó sì ro ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìtàn ìrìn-àjò ṣe máa ń rí nìyẹn: arìnrìn-àjò ní láti padà wá kí ìtàn tó wà. Àwọn tó rin ọ̀nà Òkè-Afà dé òpin rẹ̀ kò padà. Ẹni tó bá rìn ín lónìí kò gba ipò wọn. Apá tí wọn kò lè rìn ló ń bá wọn rìn, ìyẹn àbọ̀.

5.0 Ọwọ̀n Ìrántí àti Àṣà Òkú Ọ̀fọ̀

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ yìí ru ìjọba. Ìjọba ní tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó bá jẹ́ olóòótọ́ ní láti wo inú ilé pẹ̀lú. Nínú àṣà Yorùbá, òkú àgbà ni à ń ṣe. Ọmọdé tó bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni: wọn kì í lu ìlù sí i, wọn kì í se àsè, wọn kì í fẹ́ kí òbí mọ ojú oórì rẹ̀, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún aráalé kí wọ́n má máa dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀. Àánú ló bí àṣà yìí. Ó fẹ́ kí ìyá lè dìde, kó tún bí òmíràn.

Àṣà yìí ṣiṣẹ́ fún ilé kan tó pàdánù ọmọ kan. Kí ni yóò ṣe fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tó kú lóru ọjọ́ kan? Ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́ ìtùnú fún ìyá kan yóò di ìgbàgbé fún ìlú, ìgbàgbé ìlú yóò sì di ààbò fún ẹni tó jẹ̀bi. A kò ní ìlànà kankan nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa tí a fi ń ṣe irú òkú bẹ́ẹ̀. Ìrèmọ̀jé wà fún ọdẹ, oríkì àti rárà wà fún àgbà tó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó rì sínú kánáàlì kò ní nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí a fi ka ọwọ̀n ìrántí náà sí ohun tó tóbi ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Ní ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹẹrẹ, àwọn ẹbí máa ń péjọ síbẹ̀ láti rántí àwọn tó lọ. Òbí tí àṣà ní kó má mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀ ló ń dúró níbẹ̀ ní gbangba. A lè pe èyí ní rírú òfin àṣà. Lójú tiwa, àṣà tuntun ni wọ́n ń dá sílẹ̀, nítorí pé ti àtijọ́ kò gba ẹrù náà. Àbùkù ibẹ̀ ni pé wọn kò tí ì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ níbẹ̀. Òdòdó ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, bí ti àwọn òyìnbó, fèrè àwọn ológun sì lè dún. Ṣùgbọ́n oríkì kò sí, arò kò sí, ìpè orúkọ níkọ̀ọ̀kan kò di ìlànà. Abájọ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi mọ òdòdó, tí kò mọ òkú.

6.0 Ìdí Tí A Fi Ń Rìn ní Bàdágìrì, Tí A Kì Í Rìn ní Òkè-Afà

Ẹnì kan lè sọ pé àwa Yorùbá kò mọ̀ nípa ìrìn ìrántí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ń kó ọmọ lọ sí Bàdágìrì lọ́dọọdún. Àwọn afinimọ̀nà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹrú hàn, tí wọ́n sì ń bá èrò rìn ní erékùṣù Gbẹrẹfú dé etí òkun. Ìrìn náà dára, ó sì ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ọ̀kan fi rọrùn láti rìn ju èkejì lọ.

Ti Bàdágìrì ti pẹ́. Àwọn tó ṣe é ti kú. Ó sì ṣeé ṣe láti di èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi rẹ̀ ru àlejò tó wá láti òkè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílé náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ti Òkè-Afà kò pẹ́; àwọn tó pàdánù ẹbí wọn ṣì wà láàyè; bárékè ṣì jẹ́ bárékè; kò sì sí òyìnbó kankan níbẹ̀ tí a lè nàka sí. Ìbànújẹ́ tí kò lè bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́ ni a máa ń sọ di ibi ìgbafẹ́. Èyí tó ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ń gbà kọjá. Nítorí náà, bí kò ti sí afinimọ̀nà ní ọ̀nà Òkè-Afà kì í ṣe àìpé ìrìn náà; apá kan lára ohun tí ìrìn náà ń sọ ni. Ẹni tó bá rìn ín gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ béèrè, kó sì fúnra rẹ̀ wá ìdáhùn.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2002 fi omi pamọ́ sẹ́yìn bọ́ǹbù, ó sì fi Òkè-Afà pamọ́ sẹ́yìn Ìkẹjà. Pé ọwọ̀n ìrántí jẹ́ àrokò tí ẹni tí a pa á fún kò ní ìmọ̀ tí yóò fi kà á. Àti pé àṣà òkú ọ̀fọ̀ tí a bá nílẹ̀ kò tó láti gbé irú ẹrù yìí. A sì ti fi hàn pé ìrìn-ẹsẹ̀ lè fún òkúta ní ọ̀rọ̀ tó sọnù lẹ́nu rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ máa mú akẹ́kọ̀ọ́ rin irú ọ̀nà báyìí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àrokò, oríkì ìlú àti lítíréṣọ̀ ìrìn-àjò. Kò gba owó púpọ̀. Ẹsẹ̀, omi mímu àti ìwé kíkọ sí ni. Èkejì, kí àwọn akéwì wa ronú lórí arò fún òkú ọ̀fọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, kí àwọn ẹbí tó ń péjọ létí kánáàlì náà lè ní ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́nu. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a ń kọ̀wé máa pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní orúkọ ibi tí àwọn òkú rẹ̀ wà, ìyẹn Òkè-Afà.

Lẹ́yìn ìrìn tiwa, a mú akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ìbéèrè yẹn lọ, pẹ̀lú àwọn mẹ́fà mìíràn. Láti Òṣòdì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, a ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n bi ara wọn pé bí àwọn bá wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ni àwọn ìbá sọ fún ẹni tó ń sá bọ̀. Ìdáhùn wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí omi, tí ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ̀n ìrántí náà, kò sọ̀rọ̀ òdòdó mọ́. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó sì béèrè bóyá a lè mọ orúkọ wọn.